Ọkọ Tó Ń Gba Owó Oṣù

Nígbà tí wọ́n gbé kọ́tìnnì òtẹ́ẹ̀lì náà kọ́ padà sójú fèrèsé, ó dà bí ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé tó ti ga ju aṣọ rẹ̀ lọ. Kọ́tìnnì tó ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dúró lókè, ó ń fi ìdí ògiri han gbogbo ayé. Mánéjà òtẹ́ẹ̀lì wò ó títí. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀.

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alágbàfọ̀ yìí, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé tó ń gbé. Iwájú ilé náà, níbi tó yẹ kí pálọ̀ wà, ló sọ di ilé ìfọṣọ: ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú wà lápá kan, tábìlì ìlọṣọ gígùn wà láàárín, okùn ìsáṣọ sì gba ẹ̀yìnkùlé já láti ògiri dé ògiri. Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná kì í kúrò níbẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi.

Kò dá a ṣe. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a lọṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìjọ́sí tí wọ́n gbé Alágbàfọ̀ níyàwó, ọmọdébìnrin tí eyín rẹ̀ funfun báláú ni àbúrò ọkọ yìí, ìyàwó tuntun ò sì ní í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó wò ó lẹ́nu, ó ní, "Eyínfúnjowó ni n ó máa pè yín." Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí di òní tí méjì nínú eyín ọ̀hún ti yọ. Òun náà ò pe Alágbàfọ̀ ní nǹkan mìíràn ju "Ìyàwó wa" lọ. Alágbàfọ̀ ló dàgbà jù, síbẹ̀ òun ló ń sọ "ẹ" fún Eyínfúnjowó, Eyínfúnjowó ló ń sọ "o" fún un. Àjèjì tó bá wọlé tó gbọ́ wọn á rò pé ẹni tó di áyọ́ọ̀nù mú ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Bí oṣù bá parí, Alágbàfọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó oṣù fún un. "Ọkọ mi, ẹ gbà."

"Ìyàwó tó ń bọ́ ọkọ!" Eyínfúnjowó á ní. "Ẹ wáá wò ó o, ayé ti dé ojú ẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí.

Mánéjà wọlé pẹ̀lú kóòtù tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó.

"Mà, ta ló ni ibí?"

"Èmi ni, sà. Mo ti gbọ́. Omi tó gbóná jù ló ṣe é, ẹ̀bi mi sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú."

"Ṣé kọ́ńpìnnì ni yín, àbí ẹ kàn ń fọṣọ?"

"Orúkọ ara mi ni mo fi ń ṣe é, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí a bá wá pe ẹjọ́, ẹ̀yin gan-an la máa pè. Ilé yìí ńkọ́? Ta ló ni ín?" Ó gbójú sókè, ó wo àjà ilé láti igun kan dé èkejì, bí ẹni tó fẹ́ fowó lé e.

Eyínfúnjowó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nàró. "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ rọra wò ó o, kì í ṣe kọ́tìnnì, kò lè súnkì."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà ò dé ilé ẹjọ́. Wọ́n gbà pé kí Alágbàfọ̀ rán aṣọ mọ́ ìdí kọ́tìnnì náà, kó sì máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí mánéjà fi wo àjà ilé ò kúrò lọ́kàn Alágbàfọ̀. Ó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, á kàn gbójú sókè, á máa wo ibi tí ọkùnrin náà wò. Ilé kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé sì ni Eyínfúnjowó ń gbé.

Nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, lọ́yà kan wà, ọmọbìnrin tó máa ń kó aṣọ dúdú tó fi ń lọ ilé ẹjọ́ wá. Nígbà tó wá gba aṣọ, Alágbàfọ̀ ro gbogbo ẹjọ́ kọ́tìnnì fún un.

"Mà, ẹ jẹ́ ká sọ iṣẹ́ yìí di kọ́ńpìnnì," ni lọ́yà wí. "Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ẹ wá sí ọ́fíìsì mi."

Alágbàfọ̀ ò fẹ́ dá lọ. Ọ̀rọ̀ òfin máa ń bà á lẹ́rù. Ó ní ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ gbọ́, á dá a gbàgbé. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ." Wọ́n tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, Eyínfúnjowó wọ bàtà rẹ̀ tó dáa, wọ́n jọ lọ.

Ọ́fíìsì lọ́yà wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Yàrá náà há, ìwé kún un dé orí fèrèsé, fáànù ń yí wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́yà fa àga fún wọn, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Bó ṣe wà báyìí, ẹ̀yin àti iṣẹ́ yín, ara kan náà ni. Gbèsè rẹ̀, gbèsè yín ni. Ẹjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ yín ni. Tó bá di kọ́ńpìnnì, ó di èèyàn tó dá dúró lójú òfin. Òun ló máa ni ẹ̀rọ, òun ló máa jẹ gbèsè, òun ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Ilé yín ò ní bá a lọ."

"Èèyàn?" Alágbàfọ̀ ní. "Èèyàn tí kì í jẹun?"

"Tí kì í jẹun kẹ̀?" Eyínfúnjowó dá sí i. "Bi wọ́n léèrè owó orí ná."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ń jẹun dáadáa. Owó orí wà, owó ìforúkọsílẹ̀ wà, akáǹtáǹtì á máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ẹ sì máa san owó fún un."

"Tí gáàsì bá tán nílé ńkọ́, tí mo fẹ́ mú owó nínú dúrọ́ọ̀?" Alágbàfọ̀ béèrè.

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mà. Owó kọ́ńpìnnì ni. Ẹ̀yin náà máa gba owó oṣù bíi tàwọn yòókù."

"Èmi! Owó oṣù! Nínú iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì ní tàn yín, kò ní bo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá sì fúnra yín ṣe onídùúró fún gbèsè kan, ọrùn yín náà ló ṣì wà."

Alágbàfọ̀ rò ó. Ó béèrè bóyá wọ́n lè lé òun kúrò níbẹ̀. Lọ́yà ní tí ìpín tó pọ̀ jù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e.

"Tí mo bá wá kú?"

"Kò ní bá yín kú, mà."

Alágbàfọ̀ ò mọ̀ bóyá ìtùnú ni ọ̀rọ̀ náà àbí èébú.

"Àwọn wo ló máa ní ìpín níbẹ̀?" lọ́yà béèrè.

"Èmi ni, àti ọmọ mi obìnrin tó wà nílùú kejì."

Lọ́yà kọ ọ́. Ó wá yíjú sí Eyínfúnjowó. "Mọ́mì yìí ńkọ́?"

"Àwọn yìí?" Alágbàfọ̀ ní. "Wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́ ni."

Ó fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyókù ọ̀rọ̀ náà ti jẹ ọ̀wọ̀ ọ̀hún run. Òun fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Àníyàn dúrọ́ọ̀ owó àti gáàsì ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Eyínfúnjowó wo bàtà rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Eyínfúnjowó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màdámù."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ẹ̀yin àti àwàdà yín!"

"Màdámù, èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ" tó sọ yẹn, kò sọ ọ́ sí Alágbàfọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí ẹ̀wù kan ṣáá, kò mọ ti ta ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Tẹ́lẹ̀, Eyínfúnjowó á máa kọrin nídìí áyọ́ọ̀nù, á máa bú aṣọ tó bá kákò jù bí ẹni ń bú ọmọ aláìgbọràn, tí ọ̀sán bá pọ́n á wọ ilé ìdáná lọ ṣí ìkòkò láìbéèrè. Ní báyìí, ó dé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣí, ó lọ nígbà tó tì. Tó bá fẹ́ mu omi, ó ń tọrọ àyè. Ó ń lọ aṣọ náà dáadáa, kò síbi tí èèyàn lè fi ẹ̀sùn kàn án, ìyẹn gan-an ló ń dun Alágbàfọ̀ wọra. Oníbàárà kan béèrè bóyá wọ́n jà ni.

"Rárá o," Eyínfúnjowó dáhùn. "Ta ni èmi tí n ó bá Màdámù jà?"

Alágbàfọ̀ pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe àbúrò bàbá rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ sọ fún àǹtí mi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́yà béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, mo ní wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́."

Ọmọ náà pè é. "Màmá."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀."

Alágbàfọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Ó rántí ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, tí òun ò lè dìde nílẹ̀, tí aṣọ àwọn èèyàn ṣì wà nínú omi. Eyínfúnjowó ni arákùnrin rẹ̀ kú, ó sì yẹ kí wọ́n máa rẹ òun náà lẹ́kún. Ṣùgbọ́n òun ló lọ fún aṣọ náà, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó ń sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kí omi má bàa kán sórí ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni. Ta ló lè kọ irú ìyẹn sínú ìwé kọ́ńpìnnì? Abẹ́ ìpín wo ni wọ́n fẹ́ fi í sí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pe lọ́yà pé kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí iṣẹ́ máa wà bó ṣe wà. Ó tún gbójú sókè, ó rí àjà ilé.

Ó kó ara rẹ̀ jọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Eyínfúnjowó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì lórí okùn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá ò ṣeé dá ká. Alágbàfọ̀ mú etí kejì láìsọ̀rọ̀. Wọ́n nà án láàárín ara wọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n.

"Ọkọ mi."

"Màdámù."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè yín? Mo ń bá yín ṣiṣẹ́ ni."

Wọ́n rìn pàdé ara wọn, etí aṣọ kan etí aṣọ, Eyínfúnjowó gbà á, wọ́n tún mú òmíràn.

"Mo ṣì í sọ," Alágbàfọ̀ ní.

"Ẹ ò ṣì í sọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì í sọ ni, kò ní dùn mí."

"Màá sọ fún lọ́yà kí wọ́n kọ yín mọ́ àwọn tó ni ín. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ̀tọ́ yín ni, ó ti yẹ kó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Aṣọ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ Eyínfúnjowó. "Mi ò fẹ́."

"Ṣé ẹ rò pé n ó fún yín ní kékeré ni?"

"Mi ò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Mi ò fẹ́ ni." Ó wá àyè, ó da bàsíà dojú dé, ó rọra jókòó lé e, ọwọ́ kan lẹ́yìn ìbàdí. "Ìyàwó wa, jókòó."

Nígbà tí Alágbàfọ̀ gbọ́ "Ìyàwó wa" yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú àwọn aṣọ funfun òtẹ́ẹ̀lì, kò rántí pé òun á tún wọn fọ̀.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," Eyínfúnjowó ní. "Kì í ṣe ti àná, kì í ṣe ti ìjẹta. Tí mo bá dúró ti tábìlì yẹn di ọ̀sán, mi ò ní lè nàró dalẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ṣíwọ́. Ta ni kí n sọ fún? Òṣìṣẹ́ lè bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó gba ẹ̀tọ́ ẹ̀, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Èmi, ọkọ ni mí. Ọkọ wo lo ti rí tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀?"

Alágbàfọ̀ fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mọ́ra.

"Lọ́jọ́ tó o pè mí ní òṣìṣẹ́ lójú lọ́yà yẹn, inú bí mi. Nígbà tí mo délé, mo rò ó, mo ní, ṣé ọ̀nà ọ̀hún kọ́ ló là yìí? Inú tún wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ń bí mi pé inú mi fẹ́ dùn. Ìwọ wá fẹ́ kọ orúkọ mi sínú ìwé báyìí, kí n wá di olówò. Ìgbà wo ni n ó wá sinmi?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ mú Alágbàfọ̀, lẹ́yìn náà ẹkún, lẹ́yìn náà méjèèjì pọ̀. "Ọkọ mi, ẹ mọ̀ pé ọmọ ti ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n ti ibí pa?"

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

"Mo ní, tí mo bá tì í, kí ni Eyínfúnjowó máa jẹ?"

"Torí tèmi?" Ó pariwo débi pé ẹyẹ fò lórí ògiri. "Torí tìẹ ni mo ṣe ń dúró! Mo ní, tí mo bá lọ, ọ̀fọ̀ á pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n wo ara wọn. Láti ìgbà wo? Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣírò rẹ̀. Onílé kejì yọjú lókè ògiri, ó rí àgbà méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n di ikùn mú, ó ní, "Ẹ kú àríyá o," ó padà sẹ́yìn.

Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, Alágbàfọ̀ nu ojú. "Ẹ gbọ́, ohun tó yé mi nínú ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyí. Kọ́ńpìnnì yìí, èèyàn ni, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó ní ìpín nínú ẹ̀, kò pọn dandan kó máa lọṣọ. Tí èrè bá wà, tiẹ̀ á bá a níbi tó jókòó sí."

"Tí èrè ò bá sí ńkọ́?"

"Ká jọ jókòó lásán nìyẹn."

Eyínfúnjowó rò ó, ahọ́n rẹ̀ ń wá ibi tí eyín ti yọ. "Èèyàn tí ẹ̀yìn kì í dùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kó wá máa lọṣọ nígbà náà."

Bí Alágbàfọ̀ ṣe pinnu nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé ìbẹ̀rù mánéjà òtẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ kó ṣe é, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó rí lẹ́yìnkùlé ló tì í débẹ̀: iṣẹ́ tí kò ní ara mìíràn ju ara ẹni tó ń ṣe é lọ, ara ẹni náà ló ń jẹ, kì í sì í sọ fún un pé òun ń jẹ ẹ́.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ lọ́yà, wọ́n pín in: Alágbàfọ̀ mú èyí tó pọ̀ jù, Eyínfúnjowó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ mú ìyókù, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Orúkọ ló wá di wàhálà. Gbogbo orúkọ tó dùn tí wọ́n rò ni ẹlòmíràn ti gbà. Èyí tí wọ́n rí gbà nígbẹ̀yìn dà bí orúkọ oògùn ikọ́, ṣùgbọ́n ó wọ pátákó.

Kò rọrùn o. Wọ́n gba obìnrin kan àti ọkùnrin kan síṣẹ́ nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọkùnrin náà mọ ṣòkòtò lọ̀ débi pé ojú ìlà rẹ̀ lè gé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò kọrin, kò bú aṣọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Alágbàfọ̀ á sọ̀rọ̀ sápá ọ̀tún tábìlì, á rí i pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á tún máa lọ sínú dúrọ́ọ̀ owó fúnra rẹ̀, á yára fà á yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ buwọ́ lu owó oṣù ara rẹ̀, ojú tì í. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jalè nílé ara rẹ̀ tó sì ń kọ rìsíìtì fún un.

Eyínfúnjowó náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù wá yẹ ọrùn ẹ̀wù wò, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi lọ fẹjọ́ sun Alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ní òun ò lè lé e. Ó ní ìpín níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, lọ́yà ní òfin fẹ́ kí wọ́n ṣe ìpàdé. Wọ́n jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ kí ọmọ lè gbọ́ wọn. Èrè tó wà kò pọ̀. Alágbàfọ̀ ní kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń mú kí aṣọ gbẹ, torí ìgbà òjò ń bọ̀.

"Mi ò fara mọ́ ọn," Eyínfúnjowó ní.

Gbogbo wọn wò ó. Òun náà ò mọ̀ pé òun lè sọ ọ́ báyẹn, níwájú lọ́yà, láìṣe àwàdà.

"Kí lẹ fẹ́?" Alágbàfọ̀ béèrè.

"Àga gíga fún àwọn tó ń lọṣọ, èyí tó ní ìfẹ̀yìntì, àti nǹkan rírọ̀ tí wọ́n á máa dúró lé. Wọ́n ṣì kéré, wọn ò ní sọ fún ẹ. Èmi náà ò sọ."

Lọ́yà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé tó bá di ti ìbò, ìpín Alágbàfọ̀ ló pọ̀ jù, ohun tó bá wí ló máa dúró.

"Mo gbọ́," Alágbàfọ̀ ní. Ó wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ tábìlì, ojú ibì kan ti dán bí àwo níbi tí ẹsẹ̀ ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ kọ àga sílẹ̀."

"Má ṣe é torí mi o."

"Kì í ṣe torí yín. Ẹsẹ̀ tèmi náà ń wú."

Ọmọ rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀: àga.

Wọ́n ra àga náà. Òjò ọdún yẹn sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà kún inú ilé, wọ́n kọ́ ọ sí ojú fèrèsé, sí ẹnu ọ̀nà, sí orí bẹ́ẹ̀dì Eyínfúnjowó. Lárààárọ̀ ni Alágbàfọ̀ ń fọwọ́ kàn wọ́n, tó ń mí kanlẹ̀, tó ń sọ fún Eyínfúnjowó pé, "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Eyínfúnjowó á jókòó láàárín aṣọ tútù, á máa jẹun rẹ̀ lọ, á ní òun ò rí nǹkan kan, pé ohun tí ìpàdé bá ti pinnu, ó ti parí.